Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Mo Jókòó sí Àkúrẹ́ Wọn Òkun

Títí di òní, bí aago bá ti ń sún mọ́ méje àárọ̀, etí mi á là. Kò sẹ́ni tó ń pè mí mọ́ ní aago méje. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti padà sí Oǹdó, sínú ilé tí ìyá mi fi sílẹ̀, iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe ní aago méje kò ju kí n gbé omi tíì ka iná lọ. Síbẹ̀ ọwọ́ mi á dúró lórí ìdérí ìkòkò, màá máa retí ohùn ọkùnrin àgbàlagbà kan tí yóò sọ pé, "Àkúrẹ́, ẹ káàárọ̀ o."

Orúkọ tó fún mi nìyẹn. Kò pè mí ní màdáàmù, kò pè mí ní ọmọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó bí mi dáadáa. Àkúrẹ́ ló ń pè mí, bí ẹni pé gbogbo ìlú náà, àti Ìsíkàn tí mo ń gbé, àti Arákàlẹ̀ tí mo ti ń wọkọ̀, àti gbogbo òrùlé ìjọba tó wà níbẹ̀, inú fóònù mi ni wọ́n wà. Èmi náà ń pè é ní Bàbá. A fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ̀rọ̀ láràárọ̀, n kò sì fi ojú rí i rí.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja ní ọ́fíìsì ìjọba ni mo wà. Ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa, létí òkun lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, àwọn èèyàn ń sin ẹja nínú àwọ̀n tí wọ́n ta yí ọ̀pá oparun ká nínú odò. Òkun wà níwájú wọn, odò wà lẹ́yìn wọn, iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló là wọ́n láàárín. Omi odò yẹn kò níyọ̀, ẹja tí wọ́n ń sìn kò sì fẹ́ iyọ̀. Bí òkun bá ru kọjá iyanrìn, omi iyọ̀ á ya wọ inú odò, àwọ̀n á ya, ẹja á sì léfòó bí ewé. Ẹni tó bá tètè gbọ́ pé omi ń bọ̀ lè kó ẹja rẹ̀ kó tó dé. Ohun tí gbogbo ìwé wa wà fún kò ju ìyẹn lọ.

Bàbá ló ń bá wa wo òkun ní abúlé tirẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọ̀pá kan tí wọ́n kùn ní funfun àti pupa wà nínú omi, òun ló fi ń mọ bí omi ṣe ga tó. Ó ní ife tí òjò ń rọ̀ sí, ó ní tẹmómítà tó fi ń mọ bí omi ṣe gbóná tó, ó sì so àkísà kan mọ́ orí oparun kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Tó bá ti rí gbogbo rẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó ń wà nínú àpò èwù rẹ̀, á pè mí, èmi náà á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá wa. Lọ́jọ́rú ni mo máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí ìwé kan ṣoṣo fún rédíò, wọ́n á kà á fún àwọn olùsìn ẹja lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tí Èkìtì gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀, àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lọ́fíìsì wa dìde, wọ́n kó lọ sí Adó. Àga bá wọn lọ, fáìlì bá wọn lọ, ọ̀gá kan tó máa ń lọ yẹ ọ̀pá wò létí òkun náà bá wọn lọ. Kò sẹ́ni tó rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan nínú wa tó ń fi ojú rí òkun tí à ń kọ. Èmi gan-an, ọmọ Oǹdó tí odò Ọ̀wẹ̀nà tóbi lójú rẹ̀, n kò tíì rí òkun rí.

Ṣùgbọ́n ìwé mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí ìgbéraga mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. N kì í fẹ́ rí ihò nínú ìwé. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìkàrẹ́ kan tó jẹ́ alàgbà ní ìjọ rẹ̀, kórìíra ihò jù mí lọ. Bí oṣù bá parí tí àyè kan ṣófo, bírò pupa ni yóò fi yí i po, yóò dá ìwé náà padà, yóò sì ní kí o wá ṣàlàyé níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Nítorí náà gbogbo wa la mọ ohun tí à ń pè ní dídí. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò bá sí lọ́hùn-ún, tí ipè kò wọlé, o kàn máa wo òǹkà àná, o máa wo ti ìjẹta, o máa fi èyí tó bá sún mọ́ wọn dí àyè náà, bí ẹni ń fi amọ̀ dí ihò eku. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kọ́ mi. Èmi náà kọ́ ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́.

Bàbá ní ìwà kan tó ń bí mi nínú. Bó bá ti ka òǹkà tán, kò ní jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀. Á tún fi ohun tó rí kún un. "Àkúrẹ́, omi ń rùn bí irin lónìí." "Àkúrẹ́, akàn ti gun orí ilẹ̀ gbígbẹ." Èmi á sì máa wo aago, nítorí fọ́ọ̀mù wa kò ní ibi tí èèyàn ń kọ akàn sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lásìkò òjò, ó pè. Ó ka òǹkà: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lé díẹ̀, òjò díẹ̀, afẹ́fẹ́ láti ìhà òkun. Mo kọ ọ́. Ó wá ní, "Àkúrẹ́, òkun dákẹ́ jù. Àwọn ẹyẹ funfun kò sọ̀kalẹ̀ láti àná."

Mo ní, "Bàbá, fọ́ọ̀mù ò láyè fún ẹyẹ o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ kú iṣẹ́."

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú ilé yìí, lójú ọ̀sán gangan, nígbà tí mo ń ṣa ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, kò pè. Mo gbìyànjú nọ́ńbà rẹ̀, kò wọlé. Kò bà mí lẹ́rù, nítorí òpó fóònù wọn máa ń kú lásìkò òjò bí iná mànàmáná tiwa. Mo dí Ọjọ́rú. Bó ṣe kù díẹ̀ kí n kọ ìwé rédíò ni àbúrò mi pè láti Oǹdó pé ìyá wa ṣubú lórí àtẹ̀gùn, kò lè dìde, kí n máa bọ̀ kíákíá.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo mọ̀ pé n kò ní padà títí di Ọjọ́ Ajé. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi ìwé náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, yóò bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lé díẹ̀ ti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi dí Ọjọ́bọ̀, mo fi dí Ọjọ́ Ẹtì, mo fi dí Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo tilẹ̀ yí wọn padà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má baà jọra jù, nítorí mo mọ iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà mo kọ ìwé rédíò: bí olùwò wa ṣe wí láti etí òkun, omi dúró déédé, kò sí ìbẹ̀rù títí di òpin ọ̀sẹ̀. Mo fi lé awakọ̀ ọ́fíìsì lọ́wọ́, mo gba Arákàlẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Oǹdó.

Ìbàdí ló dun ìyá mi. Wọ́n ti tò ó, wọ́n ní kó má dìde. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo jókòó tì í, rédíò rẹ̀ wà lójú fèrèsé níbi tó máa ń wà. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi láti ẹnu ọkùnrin tó ń ka ìkéde. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì rọ̀. Òkun dúró déédé. Kò sí ìbẹ̀rù.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Ọma mi, ṣé ìwọ lo wọn òkun yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èmi ni, Màámi."

Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí ìyàwó ilé kejì wá kí i, ó sọ fún un pé ọmọ òun ni rédíò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo ń wẹ ìyá mi lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Mo yọjú wò ó lórí àga. Bàbá ni. Aago méje kọjá díẹ̀. Mo rántí ohun tó wá sí mi lọ́kàn dáadáa, n kò ní bò ó: mo ní, kí ló tún fẹ́? Ọjọ́ Ẹtì ti wà nínú ìwé. Bó bá sọ òǹkà mìíràn fún mi báyìí, ìdààmú ni, màá ní láti pa èyí tí mo kọ rẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá wa kórìíra pípa rẹ́ ju ihò lọ. Fóònù náà dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Omi ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo jẹ́ kó dún.

Ìyá mi ní, "Gbé e, ó lè jẹ́ iṣẹ́."

Mo ní, "Iṣẹ́ náà ni. Ó lè dúró di Ọjọ́ Ajé."

Lọ́jọ́ Ajé mo ti wà lórí àga mi ní Àkúrẹ́ kí aago méje tó lù. Kò pè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò pè. Mo tiẹ̀ ń bínú sí i, mo rò pé ó ń bá mi ṣe ìjà pé n kò gbé ipè òun. Lọ́jọ́rú ni ọ̀gá wa wọlé láti ìpàdé, ó bọ́ fìlà, ó ní òkun ti ru bo etí ilẹ̀ ní ìhà ọ̀hún, àwọ̀n ẹja ti lọ, ilé ti lọ, olùwò wa náà ti bá a lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ó gbàdúrà ṣókí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú ìwé wá. Ó ṣí i, ó fi ìka tọ ìlà náà láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì mi orí. "Bàbá yẹn ṣiṣẹ́ o," ló wí. "Kò fi ọjọ́ kan sílẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta wà níbẹ̀ níwájú òun àti èmi, pẹ̀lú òǹkà tirẹ̀. Ọ̀gá wa ti wí i fúnra rẹ̀ pé Ọjọ́ Ẹtì ni bàbá náà kú. Kò rí i. Ihò nìkan ni ojú rẹ̀ mọ̀ ọ́n wá.

Láti ọjọ́ náà ni omi ti yí padà lẹ́nu mi. Omi kànga ilé tí mo ń gbé ní Ìsíkàn bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀. Mo sọ fún ìyá onílé. Ó bu omi náà, ó mu ún, ó wò mí. "Uyọ̀ kẹ̀? Ulé yìí ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí. Omi yìí ò níyọ̀ rí." Ó gbà mí nímọ̀ràn kí n lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo lọ, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Mo ń ra omi inú ọ̀rá mu, iyọ̀ náà wà níbẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ bàbá náà wá. Obìnrin ni, ó tó ẹgbẹ́ mi. Ó wọ dúdú, ó jókòó sí iwájú tábìlì mi, ọ̀gá wa sì wà lórí àga tirẹ̀ tó ń gbọ́. Èdè Yorùbá ilé ìwé ló sọ sí mi, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́fíìsì, pẹ̀lú sùúrù.

Ó ní òun ló ni àwọ̀n ẹja mẹ́ta nínú odò yẹn. Ó ní láti Ọjọ́rú ni bàbá òun ti ń sọ fún gbogbo abúlé pé omi ń gun ọ̀pá, kí wọ́n kó ẹja wọn. Wọ́n fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ni rédíò sọ̀rọ̀, ó ní olùwò láti etí òkun ló wí pé kò sí ìbẹ̀rù. Wọ́n yíjú sí bàbá. Wọ́n ní, ọ̀tọ̀ lohun tí o ń sọ fún ìjọba, ọ̀tọ̀ lohun tí o ń sọ fún wa, kí lo fẹ́ fi ẹja wa ṣe tí a bá kó o jáde? Ó búra títí. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ó ní, "Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń wà kó lè pè yín. Nígbà tó padà dé abúlé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó wọ inú odò lọ, òun nìkan, ó ń tú àwọ̀n mi. Ibẹ̀ ni omi ti bá a."

Ìwé kékeré rẹ̀ wà nínú àpò èwù rẹ̀. Ó ní wọ́n rí òkú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti gbé ìwé náà lọ. Ìwé kan ṣoṣo tó kù láyé ni tèmi.

"Wọ́n ń pè é ní òpùrọ́," ló wí. "Wọ́n sin ín, wọ́n sì ń pè é ní òpùrọ́. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo wá bi yín kò pọ̀. Ṣé òun ló sọ fún yín pé omi dára?"

Mo ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣí i. Bóyá mo fẹ́ kó rí i fúnra rẹ̀. Ó wo àwọn òǹkà náà, ó fi ìka kan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fọwọ́ kan ojú òkú. Ó gbé orí sókè, ó ń retí mi. Mo gbọ́ tí ọ̀gá wa tẹ orí bírò rẹ̀, kó, kó. Mo ro iṣẹ́ mi. Mo ro ìbàdí ìyá mi tó ṣì wà nínú ọ̀já.

Mo ní, "Ohun tó bá sọ ni mo máa ń kọ."

Ó pa ìwé náà dé, ó rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi. "Á jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ," ló wí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó tún kúnlẹ̀ kí ọ̀gá wa, ó sì lọ.

N kò sáré tẹ̀lé e. Mo ti sáré tẹ̀lé e lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà, nínú ilé yìí, nínú ọkọ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n bá ní kí á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n sáré, mo fa ìlà sábẹ́ oṣù, mo sì ṣí ojú ewé tuntun.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó lọ sí etí òkun. Mo ti pinnu pé màá wá ọmọ bàbá náà rí, màá sọ òótọ́ fún un lójú. Mo rí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò dàbí ohunkóhun tí mo kọ. Obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́bàá omi fi ọwọ́ hàn mí ibi tí abúlé wọn wà tẹ́lẹ̀, ìgbì ló ń yí níbẹ̀. Mo bèèrè ọmọ bàbá náà. Ó ní ó ti kó lọ tipẹ́, kò fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń sọ fún un, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ó ronú díẹ̀, ó wá bi mí bóyá bàbá tó parọ́ fún ìjọba nígbà náà ni mò ń wí.

Ẹnu mi ti là, mo ti múra láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni pé, "Òun ni."

Mo ti tún lọ sí ọ́fíìsì wa àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan láti gba ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Ìwé ńlá náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá ṣe àdàkọ rẹ̀, nítorí kò sí ibòmíràn tí ọjọ́ kankan kò fò. Ó ń yin ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Bàbá náà kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni. Mo ń kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí ìwé yìí kò ní ọ̀gá, bóyá ọmọ rẹ̀ yóò kà á níbi tó bá wà. Bí ó ṣe yẹ kó wà nínú ìwé ọ̀sẹ̀ náà nìyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lé díẹ̀. Ó ní àwọn ẹyẹ funfun kò sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́rú: n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀: n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì: ó pè lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: ó ti kú.